Ibi Tí Ẹ̀rọ Omi Ti Ń Jí

"Jí, jàre. Jí!"

Ìbíyẹmí tún tẹ bọ́tìnì náà, ẹ̀ẹ̀kẹjọ rèé. Iná pupa tàn, iná aláwọ̀ ewé tàn tẹ̀lé e, ẹ̀rọ omi sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ tún dákẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jáde lójú gíláàsì tó wà níwájú rẹ̀, òun náà ló sì ti ń jáde láti agogo kan ọ̀sán: N KÒ RÍ IBI TÍ MO TI Ń JÍ.

"Háà! Ìwọ ẹ̀rọ yìí, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Ẹ má bá a wí pé ó ń bá irin jà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ti ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ẹ̀rọ yìí, kò sì sí Sátidé kan tí ẹ̀rọ náà kò sùn ní agogo méjìlá gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí, kó sì jí ní agogo kan. Oorun ọ̀sán làwọn ará Orí-Òpó ń pè é. Bí ẹ̀rọ bá sùn, àwọn náà á na ẹsẹ̀. Bó bá jí, tí omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú páìpù, àwọn ọmọdé á hó yèè. Lónìí kò sẹ́ni tó hó. Gbogbo abúlé dúró lórí àfárá pákó wọn lójú òkun, wọ́n ń retí ohùn omi tí kò wá.

Omi iyọ̀ ló yí wọn ká, lọ́tùn-ún lósì, títí dé ibi tí ojú lè ríran dé. Ẹ̀rọ yìí ló ń yọ iyọ̀ kúrò nínú rẹ̀ fún ẹgbẹ̀rin èèyàn. Omi tó kù nínú táǹkì, bí wọn ò bá wẹ̀, bí wọn ò bá fọṣọ, ọjọ́ méjì ló máa gbé wọn dé. Ọkọ̀ tó ń gbé omi wá láti òkè kì í dé kí ọjọ́ mẹ́fà tó pé, ìyẹn bí ìgbì bá gbà fún un. Ìyá ìkókó mẹ́fà ló sì wà lábúlé lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ó ṣí àyà ẹ̀rọ náà. Díìsìkì mẹ́ta ló máa ń wà níbẹ̀. Ihò àkọ́kọ́ ṣófo, òun fúnra rẹ̀ ló yọ tibẹ̀ lánàá. Ìkejì wà níbẹ̀, inú ìyẹn sì ni ọpọlọ ẹ̀rọ wà, gbogbo ohun tó mọ̀ nípa omi àti iyọ̀. Ìkẹta náà wà níbẹ̀, àkọsílẹ̀ lásán ló wà nínú tirẹ̀. Ìbíyẹmí so pátákó rẹ̀ mọ́ ìkejì, ó wò ó fínnífínní. Ọpọlọ pé, nǹkan kan ò ṣe é. Ó wá ń wo ìpín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá àmì kékeré tó máa ń sọ fún ẹ̀rọ pé ibí ni kí o ti jí. Kò sí lórí ìpín àkọ́kọ́. Kò sí lórí ìkejì. Kò sí níbì kankan.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mo gbé," ló wí. "Mo ti gbé o. Baba, ẹ dákun."

Baba tó ń bẹ̀ yẹn ni Baba Ajímúdà, ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, tó kú ní Ọjọ́rú. Òun ló ni díìsìkì tó máa ń wà nínú ihò àkọ́kọ́, tó fi ń gbọ́ orin lẹ́nu iṣẹ́. Lánàá ni Tèmídire ọmọ rẹ̀ wá sílé ẹ̀rọ tòun taṣọ funfun lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa yọ díìsìkì Baba. Ọ̀gá Ọ́fíìsì Ẹ̀rọ ti dé, ó fẹ́ dí pósí." Nítorí láyé tiwọn, bí èèyàn bá kú, díìsìkì rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a wọ pósí, kí Ọ́fíìsì sì fi èdìdì dí i. Ìbíyẹmí yọ ọ́. Ó kọ́kọ́ wò ó o, ẹ má rò pé aláìnírònú ni. Orin apẹja ló rí níbẹ̀, àti àwòrán àwọn ọmọ-ọmọ, àti ìpín kékeré kan níwájú tí kò lórúkọ, tó pè ní àjẹkù. Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ nígbà tó yọ ọ́, kò tilẹ̀ wúkọ́. Ṣebí ẹni tó ti jí kò wá ẹni tó máa jí i mọ́. Àfi ìgbà tó bá tún sùn.

Ohun tó wá ń já a jẹ jù ni ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tó gbé ọpọlọ tuntun wọ díìsìkì kejì. Baba ti sọ fún un lọ́jọ́ náà pé, "Yọ tèmi kúrò kí o tó bẹ̀rẹ̀ o. Ẹ̀rọ yìí, díìsìkì tó bá kọ́kọ́ rí ló máa ń fi ibi ìjí sí, ibi yòówù kó o gbé ọpọlọ sí." Ó sọ bẹ́ẹ̀ tán ló sùn lórí àga, orin sì ń lọ lábẹ́lẹ̀ láti orí díìsìkì rẹ̀. Ìrora ẹsẹ̀ ti gba oorun lójú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, orin yẹn ló rẹ̀ ẹ́ sùn. Ìbíyẹmí wò ó, àánú ṣe é, kò lè pa orin náà. Ó fi díìsìkì sílẹ̀, ó ṣiṣẹ́ rẹ̀ parí. Nígbà tí Baba jí tó bi í, "Ṣé o yọ ọ́?", ó ní, "Mo yọ ọ́, Baba." Irọ́ tí kò tó nǹkan, tó fẹ́ fi tọ́jú arúgbó.

Ó dìde, ó nu ojú, ó gba orí àfárá lọ sílé olóògbé.

Pósí wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èdìdì búlúù Ọ́fíìsì Ẹ̀rọ ń ṣẹ́jú lórí rẹ̀. Ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sórí ilẹ̀ ti wà nísàlẹ̀ àkàsọ̀, agogo mẹ́rin ló máa ṣí kí omi tó fà. Ìyàwó olóògbé, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Ẹ̀pẹ́, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí náà. Tèmídire dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówẹ̀mímọ́ tí Ọ́fíìsì rán wá ṣọ́ èdìdì jókòó lórí àpótí kan lápá kejì, ó gbé báàgì rẹ̀ lé orúnkún.

"Ìbíyẹmí," Ìyá Ẹ̀pẹ́ wí, "mi ò gbọ́ omi lọ́sàn-án yìí. Ṣé ẹ̀rọ náà ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ mi ni?"

Ìbíyẹmí kúnlẹ̀. Kò wá ọ̀rọ̀ dídùn kankan.

"Ìyá, èmi ni mo ba nǹkan jẹ́. Ẹ̀rọ ò jí. Ibi tó ti ń jí wà lórí díìsìkì Baba. Mo yọ ọ́ lánàá, mi ò sì mọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń sọ?" Tèmídire ti sún síwájú. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé orin ló wà níbẹ̀?"

"Orin ló wà níbẹ̀. Ibi ìjí náà sì wà níbẹ̀."

"Ṣé ọpọlọ ẹ̀rọ la wá dí mọ́ ọkọ mi nínú pósí ni?" Ìyá Ẹ̀pẹ́ bèèrè.

"Rárá, Ìyá. Ọpọlọ rẹ̀ pé sílé ẹ̀rọ lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ tí ọpọlọ ń ṣe yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń jí i. Díìsìkì kan lè gbé ọpọlọ, kí òmíràn gbé ẹni tó ń jí i. Bí wọ́n bá jọ wà pọ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé méjì ni wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n bá pín wọn níyà lojú á là."

Ìyá Ẹ̀pẹ́ rò ó díẹ̀. "Ó yé mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kí omi tó gbé Ẹ̀pẹ́ lọ, ajíwéré ló máa ń jí wa fún sààrì. Kì í bá wa se oúnjẹ, kì í bá wa jẹ ẹ́. Igbe ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ kò yá, gbogbo àdúgbò sùn mọ́jú, a sì fi inú òfìfo gbààwẹ̀. Oúnjẹ wà nínú ìkòkò o."

"Òun gan-an nìyẹn, Ìyá. Ajíwéré ẹ̀rọ ló wà nínú pósí yẹn."

Gbogbo wọn wo pósí náà. Èdìdì ń ṣẹ́jú lọ ní tirẹ̀.

"Omi ò lọ́tàá," Ìyá Ẹ̀pẹ́ wí. "Ẹ ṣí i."

"Màámi!"

"Mo ní ẹ ṣí i, Tèmídire. Ṣé bàbá rẹ ló máa ní kí òùngbẹ pa ìkókó?"

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówẹ̀mímọ́ dìde, ó ṣí fìlà. "Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Bí èdìdì yìí bá já, òfin ò ní jẹ́ kí ẹ sin wọ́n sílẹ̀ mọ́. Iná la máa fi sun wọ́n, àtòkú àti pósí. Ẹ mọ ìdí ẹ̀."

Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ìgbà kan wà tí òkú ń pe aráyé lórí fóònù. Àwọn ìkà á jí díìsìkì olóògbé, wọ́n á fi ohùn rẹ̀ pe opó rẹ̀, wọ́n á ní kó wá pàdé òun níbi báyìí báyìí. Ọ̀pọ̀ lọ, wọn ò padà. Àbúrò Ìyá Ẹ̀pẹ́ wà lára wọn, ọmọbìnrin tó gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kẹtàlá tí wọ́n sin ín, tó wọ bàtà tó jáde. Látìgbà náà ni Ìyá Ẹ̀pẹ́ kò ti bú òfin yìí rí, bó ti wù kó le tó.

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni Baba Ajímúdà fi gbé lórí omi, kò sì tọrọ ju ohun kan lọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: kí wọ́n gbé òun lọ sórí ilẹ̀ tó bá di ọjọ́ àtisùn, kí wọ́n tẹ́ òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́bí òun tó kú ní kékeré.

"Ọ̀gá, ọwọ́ tiyín ńkọ́?" Tèmídire bi Ṣówẹ̀mímọ́. "Ṣebí Ọ́fíìsì lẹ ti wá?"

"Ọwọ́ tèmi, ti wíwò ni. Ẹ̀rọ kan, ọwọ́ kan: ẹni tí Ọ́fíìsì bá kọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún un nìkan ni òfin gbà kó ṣe ibi ìjí. Ọwọ́ Baba ló wà lórí ibi ìjí ẹ̀rọ yín. Bí mo bá ránṣẹ́ sókè pé kí wọ́n yá wa lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọjọ́ mọ́kànlá ni."

"Ọjọ́ mọ́kànlá!" Tèmídire fi ọwọ́ lérí. "Ta ló máa kù tí ẹni náà máa bá?"

Ìbíyẹmí ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Mo lè ṣe òmíràn," ló wí. "Mo lè gé ìpín kékeré síwájú díìsìkì kejì, kí n kọ ọ̀rọ̀ ìjí sí i, kí n fi àmì sí i. Kò lè tó ìṣẹ́jú ogún."

"Mi ò gbọ́ ohun tó o sọ yẹn," ni Ṣówẹ̀mímọ́ dá a lóhùn.

"Ẹ gbọ́, ọ̀gá."

Ọkùnrin náà ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ ìwé kan tó ní òǹtẹ̀. "Wò ó. Ìwé rẹ rèé. Ọdọọdún ni mò ń wá síbí, ọdọọdún ni mo sì ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sókè pé ìwọ ló yẹ. Wọ́n ti gbà. Oṣù tó ń bọ̀, ọwọ́ rẹ ló máa wà lórí ẹ̀rọ yìí. Ṣùgbọ́n bó o bá fọwọ́ kan ibi ìjí rẹ̀ lónìí, dandan ni kí n pa ọwọ́ rẹ rẹ́. Kì í ṣe lórí èyí nìkan, lórí gbogbo ẹ̀rọ tó wà láyé yìí ni, títí o fi máa kú. Ìbíyẹmí, má ṣe é."

Ó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Wọ́n ti pa ọwọ́ ẹnì kan rẹ́ rí lábúlé kejì, ọ̀mọ̀ràn ni ọkùnrin náà nígbà kan. Omi ló ń gbọ́n nínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ báyìí. Ìbíyẹmí ti pé ogójì ọdún, kò bímọ, kò lóko, kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Bó bá sì jí láàárọ̀, ohun tó ń mú inú rẹ̀ dùn ni pé òun ń lọ sílé ẹ̀rọ. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù gidi.

Ó wo ìwé náà. Ó wo pósí. Ó dìde.

"Ẹ máa bọ̀, ọ̀gá. Ṣebí ẹ gbọ́dọ̀ rí i."

"Ọmọ mi," Ìyá Ẹ̀pẹ́ pè é.

Nínú ilé ẹ̀rọ, Ṣówẹ̀mímọ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń wo ọmọ rẹ̀ tó ń gun igi gíga. Ìbíyẹmí so pátákó mọ́ díìsìkì kejì. Ó sún ọpọlọ ẹ̀rọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ kí nǹkan kan má bàa já bọ́, ó gé ìpín kékeré kan síwájú rẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ ìjí sínú rẹ̀ láti orí, bí Baba ṣe kọ́ ọ, ó ń ka á jáde lẹ́nu: ibo ni ọpọlọ wà, díìsìkì kelòó, ìpín kelòó. Nígbà tó kan nọ́ńbà díìsìkì, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Èwo ni ìkíní báyìí, nígbà tí ihò àkọ́kọ́ ṣófo? Ó ka ihò lẹ́ẹ̀mejì. Ó fa ìkejì yọ, ó gbé e bọ inú ihò àkọ́kọ́ kí iyèméjì má sí, ó sì fi àmì sí ìpín kékeré náà. Ibí ni kí o ti jí.

Ó tẹ bọ́tìnì. Iná pupa, iná aláwọ̀ ewé. Ẹ̀rọ mí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tuntun jáde: ỌWỌ́ TA LÓ ṢE IBI ÌJÍ YÌÍ?

Lábẹ́ rẹ̀, orúkọ kan ń tàn: AJÍMÚDÀ.

Ṣówẹ̀mímọ́ náà rí i. Ó wúkọ́. "Orúkọ Baba kì í kúrò níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá sin wọ́n tán," ló wí, bí ẹni tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Bí ẹnì kan bá sì tẹ orúkọ yẹn, Baba ló ṣe é nìyẹn. Ta ló máa pa ọwọ́ òkú rẹ́?" Ó yí ẹ̀yìn padà. "Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí láti àárọ̀. Ilé ìtọ̀ yín jìn, àgbà sì ni mí, mi ò ní tètè dé."

Ó jáde lọ. Ìbíyẹmí gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí pákó títí tí kò gbọ́ ọ mọ́.

Ìka rẹ̀ ti wà lókè orúkọ náà. Kò ju kó kàn án lọ. Omi á yọ, ìwé á di tirẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa jìyà. Ẹni rere ni Baba, á ní kó tẹ̀ ẹ́, á tún fi rẹ́rìn-ín. Ìbíyẹmí rò ó bẹ́ẹ̀, ó sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó rántí ohùn tó pe àbúrò Ìyá Ẹ̀pẹ́ jáde nílé. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ìyẹn náà nìyí, ẹnì kan rí òkú, ó ní kó bá òun sọ nǹkan tí kò sọ.

"Baba," ló wí sókè, "mo pa irọ́ kan fún yín nígbà tẹ́ ẹ wà láàyè, ẹ wo ibi tó bá wa dé. Mi ò ní pa á mọ́ yín nígbà tẹ́ ẹ kú."

Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ sójú gíláàsì.

ÌBÍYẸMÍ, ni ẹ̀rọ kọ. Ó sì jí. Ilẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, páìpù dún kọ̀ọ́, omi rọ́ wọ inú táǹkì. Níta, àwọn ọmọdé hó yèè, ariwo náà sì ń ti orí àfárá kan bọ́ sórí òmíràn títí tó fi yí abúlé ká.

Ṣówẹ̀mímọ́ wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó wo ojú ẹ̀rọ, ẹ̀rín náà sì kúrò lójú rẹ̀.

"Ṣé o ò gbọ́ mi ni? Ṣé o ò gbọ́ ohun tí mo sọ?"

"Mo gbọ́ yín, ọ̀gá. Ẹ ṣeun. Inúure lẹ fi ṣe é."

"Olóríkunkun!" Ọkùnrin náà ti ń sunkún tìbínú-tìbínú. Ó yọ pátákó Ọ́fíìsì, ó nà án sí i. Ìbíyẹmí gbé ọwọ́ lé e. Àwòrán àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ hàn níbẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan pé, ó sì ń parẹ́ lọ láti orí ìka wá sísàlẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi di funfun. Ìgbà yẹn ni Ìbíyẹmí náà tó bú sẹ́kún, ó sì sun ún kunkun, kò bo ẹnu.

Agogo mẹ́rin lù. Nígbà tí wọ́n padà dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, Tèmídire ti gbọ́. Ìròyìn kì í pẹ́ kó tó gba orí pákó kọjá. Àwọn mẹ́rin tó máa gbé pósí ti dúró sáyè wọn, Tèmídire níbi orí, torí ní Orí-Òpó, àgbà ọmọ tó bá wà láàyè ló ń gbé ibẹ̀. Ó rí Ìbíyẹmí, ó sún kúrò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá gbé ibi orí."

"Tèmídire, rárá. Kì í ṣe èmi ni ọmọ rẹ̀."

"Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ fi bá a jẹun nínú abọ́ kan. Èmi wà lókè tí mò ń kàwé. Ẹ wá."

"Wọ́n ti pa ọwọ́ mi rẹ́." Ó gbé e sókè kí wọ́n lè rí i, bí ẹni pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ojú lè rí.

Ìyá Ẹ̀pẹ́ di ọwọ́ náà mú, ó fi aṣọ rẹ̀ nù ún gbẹ, ó sì gbé e lé orí pósí.

"Òkú ò bi ọ́ léèrè ọwọ́ ta ni," ló wí. "Gbé bàbá rẹ."

Ìbíyẹmí bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ibi orí mú, ó sì bá wọn gbé ọ̀gá rẹ̀ wọ ọkọ̀.